Àpá Inú Ọpọlọ: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Télọ̀ Kan ní Ìdí-Òro

Ìwé síkáànù ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ nà sí mi kí n tó rí àga jókòó. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ó dì í sínú ọ̀rá dúdú, ó sì ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: gliosis. “Àǹtí Dókítà,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní àpá ti dí ọ̀nà nínú ọpọlọ Bàbá Ìbejì. Wọ́n ní ọwọ́ yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, àfi tí wọ́n bá yọ́ àpá náà.” Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n gbé lé e nítan.

Fisiotẹ́rápì niṣẹ́ mi, mi ò kì í ṣe dókítà. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn léraléra, ṣùgbọ́n ní Ìdí-Òro, ẹni tó bá gbé báàgì wọlé wá tọ́jú aláìsàn, dókítà ni. Tọkọtaya yìí gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé tí mò ń wọ̀ láti Muṣin dé Ṣómólú: ìdílé á gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ òótọ́ nípa ọpọlọ, ẹlòmíràn á sì fi òótọ́ yẹn tajà fún wọn.

Ẹni ọdún 41 ni Bàbá Ìbejì. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán: bùbá, ṣòkòtò, agbádá, àti yúnífọ́ọ̀mù nígbà tí ìwọlé ilé ìwé bá ti ń sún mọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, máṣíìnì mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó ń ti ọjà Tejúoṣó bọ̀, ó gbé bọ́tìnì àti òwú dání. Dánfó tó wọ̀ kò dúró tán ní Ọ̀jùẹ́lẹ́gbá. Ó fẹsẹ̀ kan lélẹ̀, bàtà yọ̀, ó sì fi apá òsì orí lu etí kọnkéré gọ́tà. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé bọ́tìnì fọ́n káàkiri ojú títì.

Ilé ìwòsàn kejì tí wọ́n gbé e dé ló gbà á. Òṣùwọ̀n Glasgow, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ẹni tó forí gbá ṣe jí sí, bẹ̀rẹ̀ láti 3, ó parí sí 15. Tirẹ̀ jẹ́ 9: ó ń la ojú bí wọ́n bá ké pè é, ó ń dá ọ̀rọ̀ tí kò yéni sọ, ó sì ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí wọ́n bá fún un ní ìrora. Síkáànù CT fi hàn pé egungun agbárí ti wọlé sínú, ó ya awọ tó bo ọpọlọ, ó sì gún ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ibi tó gún gan-an ni ọ̀rọ̀ wà: apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì sún mọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń hun ọ̀rọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Dókítà abẹ ní àfi kí àwọn gbé egungun náà sókè, kí àwọn fọ ibẹ̀, kí àwọn sì rán awọ náà. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ṣí orí ẹni tó ṣì ń mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà ló bá Ìyá sọ̀rọ̀, tó ní iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ ni, pé ọmọ Awẹ́ kan, Latunde Odeku, ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCH n’Íbàdàn láti 1962. Orúkọ Awẹ́ yẹn ló rọ Ìyá lójú, torí ìlú ìyá tirẹ̀ ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà lóru, ó yọrí sí rere.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo kọ́kọ́ rí i, nílé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè rìn dé ilé ìwẹ̀ bí ó bá di ògiri mú. Ọ̀rọ̀ ń jáde, àmọ́ ó máa ń wá orúkọ nǹkan tì. Ó mọ̀ pé sísọ́ọ̀sì ni, ó máa fi ìka méjì ṣe é, orúkọ rẹ̀ ò ní wá. Ọwọ́ ọ̀tún ló burú jù. Ó di ìkúùkù, èjìká nìkan ló ń gbé e. Mo ní kí ó ṣí i. Ó lààgùn, ó fi eyín tẹ ètè, ìka kankan ò mira.

Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ ò ní ìtàn púpọ̀. À ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ náà sì ń dáhùn díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kejì àtàǹpàkò mira. Ní oṣù kẹrin ó lè ṣí ìkúùkù débi tí mo fi lè ki bọ́tìnì agbádá sí i. Ohun kan wà tí mi ò ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn, ó sì ń dùn mí títí dòní: mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa gìrì. Mo mọ̀ pé ẹni tí egungun gún lọ́pọlọ wà nínú ewu gìrì ju ẹni tí orí rẹ̀ kàn mì lọ, àti pé ó lè dé lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Mo rò pé wọ́n ti sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn sì lè ti rò pé èmi ni màá sọ ọ́.

Ó dé ní oṣù kẹfà, ní ìdájí. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ó gun ojú, ó sì di gbogbo ara. Ìyá sáré mú ṣíbí, ó fẹ́ fi la eyín rẹ̀. Aládùúgbò kan ti ń wá ẹni tó ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Orí ló kó wọn yọ, torí gìrì náà kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dá. Ṣíbí ti fọ́ eyín kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níhìn-ín bí mo ṣe wá sọ ọ́ fún wọn: bí gìrì bá mú ènìyàn, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá ti lé ní ìṣẹ́jú 5, tàbí tó tún mú un kó tó jí, ilé ìwòsàn ni. Ìtọ̀ màlúù lè pa ènìyàn.

Nítorí gìrì yìí ni dókítà fi ní kí wọ́n ṣe síkáànù MRI. Ìwé tó jáde sọ pé ihò kékeré kan wà níbi tí egungun gún, níbi tí ẹran ọpọlọ ti kú tó sì ti yọ́ lọ, àti pé gliosis yí ihò náà ká. Dókítà kọ oògùn wárápá fún un, ó ní kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Àbúrò ìyàwó, tó ń kàwé ní Yaba Tech, tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù ní bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó délé. Ó kà pé gliosis ni àpá ọpọlọ, pé àpá náà ń dí fọ́nrán iṣan, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé ìròyìn, lọ́wọ́ láti hù padà. Òótọ́ ni ó kà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì rí ilé ìtọ́jú kan ní Erékùṣù tó ní àwọn ní abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ àpá náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni wọ́n máa gún un, kí wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀. Ìdajì yẹn tó iye máṣíìnì ńlá oníná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì náà ti wá wò ó lọ́jọ́ tí mo dé.

Mo ní kí wọ́n jókòó, kí a jọ sọ ọ́.

Ara ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀, fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ń dán, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló fi jó ara nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Mo bi í: nígbà tí iná yẹn jó ọ, kí ló dá a dúró kó má baà jẹra wọnú egungun? Ó fọwọ́ pa àpá náà, kò dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ló ní, “Ara ló dí i.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbẹ́ kì í jinná kó má lápàá, ọgbẹ́ ọpọlọ náà kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń ṣe àpá ọ̀hún.

Nínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn wà tó ń bọ́ wọn, tó ń tún àyíká wọn ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní apá púpọ̀ bí ìràwọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní astrocyte, sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀. Bí egungun bá gún ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ á tú síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàgbogun inú ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọlé láti kó òkú. Nínú ìjà yẹn, wọn kì í mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn oníràwọ̀ tó wà létí ọgbẹ́ á wú, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á na apá wọn, wọ́n á sì hun ún mọ́ ara wọn bí ẹni ń hun ẹní. Lára eku, ogiri náà ti ń dúró dáadáa tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó wà nínú ogiri ti bàjẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ogiri bọ́ lọ́wọ́ ìjà.

Ti Bàbá Ìbejì ní nǹkan mìíràn nínú. Torí pé awọ tó bo ọpọlọ rẹ̀ ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ yẹn àti ti ara òpó ẹ̀jẹ̀ wọlé síbi ọgbẹ́, wọ́n sì ṣe àpá líle ní àárín rẹ̀, irú èyí tó jọ ti awọ ara. Nítorí náà àpá méjì ló wà níbẹ̀: èyí tó le ní àárín, àti ogiri oníràwọ̀ tó yí i ká.

Àbúrò ò jẹ́ kí n dánu dúró. “Ṣùgbọ́n Àǹtí, ṣé ogiri yẹn náà kọ́ ló ń dí iṣan lọ́nà?”

Ìbéèrè gidi ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ ti ń bi ara wọn. Ará Sípéènì nì, Ramón y Cajal, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, rí i nínú ẹ̀rọ awò pé fọ́nrán tí wọ́n gé nínú ọpọlọ máa ń gbìyànjú láti hù. Orí rẹ̀ á wú, á sún díẹ̀, á sì dúró. Níta ọpọlọ, nǹkan kì í rí bẹ́ẹ̀. Mo mú téèpù Bàbá Ìbejì lórí tábìlì, mo fi ìlà tó kéré jù lọ lórí rẹ̀ hàn wọ́n: mílímítà kan. Bí sísọ́ọ̀sì bá gé iṣan tó ń gbé ìròyìn ní ọwọ́ ènìyàn tí wọ́n sì rán an dáadáa, nǹkan bí ìlà kan yẹn ló fi ń hù lójúmọ́, bí ínǹṣì kan lóṣù. Láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, oṣù bíi mélòó kan ni. Télọ̀ ni, ó ṣírò rẹ̀ kíá. Ó nàka sí orí ara rẹ̀, ó ní, “Ibí ńkọ́?” Mo ní ibẹ̀ yẹn kò ní ìlà kankan lórí téèpù.

Kí ló fà á? Ní 1981, ní Montreal, Sam David àti Alberto Aguayo mú iṣan ẹsẹ̀ eku, wọ́n fi ṣe afárá láàárín ìsàlẹ̀ ọpọlọ àti okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé gbà pé wọn kò lè hù mọ́ na fọ́nrán wọn sínú afárá náà, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Nígbà tí wọ́n dé òpin afárá tí wọ́n fẹ́ wọ inú ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn padà, wọ́n dúró. Nítorí náà, agbára láti hù kò tán pátápátá; ilẹ̀ tí wọ́n ń bá pàdé kò gbà wọ́n. Lára ohun tó jẹ́ kí ilẹ̀ náà le ni ọ̀rá tó bo àwọn fọ́nrán inú ọpọlọ, èyí tó ní èròjà kan nínú tí wọ́n ṣàwárí àbùdá rẹ̀ ní 2000, tí wọ́n sì pè ní Nogo. Òmíràn ni èròjà tó jọ ṣúgà tí wọ́n so mọ́ purotéènì, tí wọ́n ń pè ní CSPG, tó pọ̀ gan-an nínú àpá. Bí fọ́nrán bá kàn án, á ká orí rẹ̀ kò. Ní 2002, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olùwádìí da ohun kan tó ń jẹ CSPG sí ọ̀pá ẹ̀yìn eku tó fara pa. Fọ́nrán hù díẹ̀, eku náà sì rìn dáadáa ju àwọn tí wọn kò fún lọ. Èyí ni àbúrò kà lórí fóònù, èyí náà ni àwọn ará Erékùṣù fi ń polówó ọjà.

Ohun tí wọn kò sọ fún un ni apá kejì ìtàn. Ní 2004, ní California, àwọn olùwádìí pa àwọn sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ tó ń mọ ogiri lára eku tó fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọgbẹ́ náà gbòòrò, sẹ́ẹ̀lì tó kú pọ̀ sí i, eku tó yẹ kó máa sàn kò sàn. Ní 2016, àwọn kan náà padà wá pẹ̀lú ìbéèrè àbúrò gan-an: bí a bá dènà àpá yìí, tàbí tí a yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tó ti dúró, ṣé fọ́nrán á kọjá? Kò kọjá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé nígbà tí wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì ní ohun tó ń mú un hù, àwọn fọ́nrán gba inú àpá náà kọjá, àti pé bí wọ́n bá yọ àpá yẹn, wọn kì í hù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí pé yàtọ̀ sí CSPG tó ń dí ọ̀nà, àwọn èròjà mìíràn wà nínú àpá yẹn tí fọ́nrán lè dì mú gùn. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àgbàlagbà fúnra rẹ̀ ti pa ìyànjú híhù tó ní nígbà tó wà nínú oyún tì. Ìṣòro náà ní ẹsẹ̀ púpọ̀, àpá kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì ń ṣe rere àti ibi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gìrì tó mú Bàbá Ìbejì, etí àpá yẹn ló ti wá; ọ̀rọ̀ tó ń padà sí i lẹ́nu, ara ìdí rẹ̀ ni pé àpá yẹn kò jẹ́ kí ọgbẹ́ ràn dé ibi ọ̀rọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti dákẹ́ látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó wá bi mí ní ohun tó yẹ kí gbogbo wa kọ́kọ́ bi: “Ṣé ẹnikẹ́ni ti yọ́ ọ lára ènìyàn?” Mo ní kò sí oògùn kankan tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún yíyọ́ àpá inú ọpọlọ ènìyàn. Eku ni gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, ọ̀pá ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ihò tó wà ní ọpọlọ ènìyàn sì tóbi ju odindi ọpọlọ eku lọ nígbà mìíràn. Mo ní kí ó pe àwọn ará Erékùṣù, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè méjì péré: kí lorúkọ oògùn náà, kí sì ni nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀? Ó pè wọ́n lójú wa, ó gbé e sí sípíkà. Ọmọbìnrin tó gbé e dáhùn jẹ́jẹ́, ó ní àṣírí ìtọ́jú àwọn ni, àti pé ẹ̀dínwó tí àwọn ṣe máa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Ìbejì dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì padà sílé láìrà á.

Ẹ má ṣe bínú sí àbúrò yìí. Ọmọ tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìbínú tèmi wà fún ẹni tó mú iṣẹ́ àwọn tó lo ogún ọdún lórí eku, tó fá ìkìlọ̀ wọn dànù, tó sì fi ìyókù gba owó lọ́wọ́ aláìní.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mo bá páálí oògùn kan lórí fìríìjì: dexamethasone, láti kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta. Ẹni tó tà á ní ó ń fa wíwú àti àpá lọ sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e padà tọ dókítà lọ kí ó tó gbé e mì. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń fún ẹni tó bá forí gbá nígbà kan. Ìwádìí CRASH, tó kó àgbàlagbà 10,008 pọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, fún apá kan nínú wọn ní ọ̀kan lára ẹbí oògùn yìí láàárín wákàtí 8 tí wọ́n fara pa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìpín 21.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbà á ló kú, 17.9 nínú àwọn tí kò gbà á. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìyẹn, ti oṣù keje yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé ohun tó jọ ọgbọ́n lẹ́nu lè pa èèyàn, àti pé kò sí ẹ̀rí kankan pé ó ń yọ́ àpá tó ti dúró.

Bí fọ́nrán tó gé kò bá hù, kí ló wá ń jẹ́ kí ìka yẹn ṣí? Ìyá ló béèrè, ó rò pé mo ti ta kora. Mo rán an létí 2020, nígbà tí wọ́n ti apá kan Afárá Third Mainland fún àtúnṣe. Afárá kò tún ara rẹ̀ kọ́ lóru. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dé Erékùṣù, wọ́n gba Èkó Bridge, wọ́n gba Carter, ó pẹ́, ó há, wọ́n dé. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ogiri, tí kò kú, lè ya ẹ̀ka tuntun kúkúrú sí ara aládùúgbò wọn. Ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí kò lókìkí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mọ́tò kò gbà, koríko ni í hù níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ náà, tí a ń tún ṣe, tí a ń tún ṣe, ni mọ́tò yẹn.

Láti oṣù keje, a yí iṣẹ́ padà. Mo pa eré bọ́ọ̀lù rọ́bà tì, mo ní kí wọ́n kó ṣọ́ọ̀bù wá sílé. A fi ìbọ̀wọ́ nípọn tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbóná bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ tó yá, fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kí ọ̀tún má baà rí ẹni sá sí. Ìdánwò EXCITE, tó jáde ní 2006 lórí ènìyàn 222 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe, ló kọ́ wa ní èyí. Ti wọn le ju tiwa lọ, torí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ ní púpọ̀ nínú àkókò tí wọ́n fi jí. Rọpárọsẹ̀ kọ́ ló ṣe Bàbá Ìbejì, mo mọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣí tó ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè.

Bọ́tìnì ni a fi bẹ̀rẹ̀, láti inú agolo kan sí òmíràn, mo ń wo aago. Nínú ìṣẹ́jú kan, mẹ́rin ló gbé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, gígé bébà símẹ́ńtì lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà, títẹ́ aṣọ, kíká etí rẹ̀, fífi pín-ìn-nì dì í. Mo kọ̀ jálẹ̀ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ máṣíìnì oníná tàbí áyọ́ọ̀nù gbígbóná nítorí gìrì. Inú bí i. Ó ní télọ̀ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máṣíìnì, kí ló kù? A gbé máṣíìnì aláfọwọ́yí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òsì ń tì aṣọ, ọ̀tún ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Ìyẹn ni mo fẹ́ gan-an: ọwọ́ ọ̀tún gbọdọ̀ di nǹkan mú, kí ó yí i, kí ó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, abẹ́rẹ́ ò sì lè sáré ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì ló ń ka iye ìgbà. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ló fi ń fa ìlà sára ògiri pálọ̀, ìlà kan fún ogún ìgbà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi tó ní ẹ̀rọ olówó iyebíye, mi ò tíì rí àkọsílẹ̀ tó ràn mí lọ́wọ́ tó ògiri yẹn. Níbi tí ìlà ti dínkù, mo mọ̀ pé oògùn ti tán tàbí owó ti tán tàbí ìjà ti wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni oògùn wárápá tán fún ọjọ́ mẹ́rin, gìrì sì padà wá lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n àgbà ló ń ra oògùn sílẹ̀ kó tó tán.

Ní oṣù kọkànlá, bọ́tìnì 19 nínú ìṣẹ́jú kan. Ní oṣù kẹrìnlá, 31. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbé 58. Ó ń sọ̀rọ̀ geere báyìí, àfi bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ò wọ́ mọ́. Ohun tí kò padà, mi ò ní fi pamọ́: ó lè mú abẹ́rẹ́ ọwọ́ láàárín ìka méjì, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ti yọ̀ bọ́ bí kò bá wò ó, torí ìmọ̀lára orí ìka ṣì kú díẹ̀. Kò lè ṣe ojú bọ́tìnì. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, èyí tí àwọn oníbàárà fi mọ̀ ọ́n, ti di ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àgbà. Òun ń ya á, ọmọ ń rán an. Mo ti sọ fún un pé apá kan nínú èyí lè máa wà bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ bò ó.

Àbúrò ṣì ń kàwé. Ó fi iṣẹ́ ìwádìí kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóṣù tó kọjá, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Eku ni o, Àǹtí, mo ti wò ó.”

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ìbejì ló wà lórí máṣíìnì aláfọwọ́yí. Etí ṣòkòtò Kẹ́hìndé wọ́ díẹ̀ ní apá kan, bí ìwọ̀n ìlà mẹ́ta lórí téèpù. Mo ní ó dára, ilé ìwé ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ lọ. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó títí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú réésà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní ojú òwú kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n jókòó.